Ní Ìdí-Àràbà: Àwọn Àtìpó tí ó Pẹ́ Láàrin Wa

Ìdí igi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti àdúgbò ilẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí-Ìrókò wà ní ẹnubodè àwa àti ilẹ̀ Benin, Ìdí-Ayùnrẹ́ wà lẹ́bàá Ìbàdàn, Ìdí-Òro sì wà ní ojú ọ̀nà Agége ní Mushin. Àwọn bàbá wa kì í wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ibi tí ènìyàn bá kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí, tí ó ní ibòòji, tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì lè rí láti òkèèrè, ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn, títí àpèjúwe náà yóò fi di orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ìdí-Àràbà, tí ó wà láàrin Mushin àti Surulere ní Èkó, ibi tí a fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa dé ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹni tí ó bá mọ igi àràbà yóò mọ̀ pé kì í ṣe igi tí ojú lè fò dá. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa yọ síta bí ògiri, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sí àlàfo kan kì yóò rí ẹni tí ó jókòó sí èkejì. Èyí tí kò tíì dàgbà a máa ní ẹ̀gún lára. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ a là, òwú funfun inú rẹ̀ a sì máa fò káàkiri, èyí tí àwọn ìyá wa a máa kó sínú ìrọ̀rí. Nítorí títóbi rẹ̀ ni a ṣe ń pa á lówe pé, 'Àràbà ni baba. Ẹni tí a bá lábà ni baba.' Ẹni tí ó dé lẹ́yìn ní láti bu ọlá fún ẹni tí ó bá níbẹ̀. Òwe náà ń bá mi lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi rin àdúgbò náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé àti ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni ó gba ọkàn mi níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ Ìdí-Àràbà, nípa àìsàn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, tí gbogbo ayé ń pè ní LUTH, wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1962, ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira. Láti ìgbà náà ni orúkọ ilé ìwòsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orúkọ igi mì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé LUTH ni àwọn ń lọ, kì í ṣe Ìdí-Àràbà. Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òpópó Ishaga, ẹ ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀wù funfun, àwọn ìyá tí ó pọn ọmọ, àti àwọn tí ó gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ wá kí aláìsàn. Ti ilé ìwòsàn náà tó kọ lọ́tọ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn aládùúgbò náà ni àwọn Haúsá Ìdí-Àràbà. Ẹni tí ó bá yà wọ àárin wọn ní ìrọ̀lẹ́, imú ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ pé òun ti dé. Alásùyà ti to ẹran orí igi rẹ̀ yí iná ká, ó ń wọ́n ata àti ẹ̀pà lílọ̀ sí i, èéfín rẹ̀ sì ń lọ bá àwọn tí kò ní owó lọ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí ń ta tíì, tí ó ń dà á láti inú ife kan sínú èkejì, láti òkè réré, títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ìyá àgbà kan ń dín màsà nínú agbada tí ó ní kòtò kéékèèké. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó lórí ẹní, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní ibi tí ó ń kánjú lọ, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Nínú ilé kan, ohùn àwọn ọmọdé ń jáde pa pọ̀, wọ́n ń ka ohun tí a kọ sára wàláà wọn.

Mo dúró ra sùyà, nítorí pé ẹni tí ń kọ̀wé náà ní láti jẹun. Ọmọkùnrin kan, tí ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é láti inú ilé ní èdè Haúsá. Ó dáhùn ní èdè Haúsá. Kí ẹnu rẹ̀ tó padé, ó ti yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá a jà ní Yorùbá pé bọ́ọ̀lù náà ti kọjá ìlà. Yorùbá Mushin gan-an ni, kò sí ìkọsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé mo ń wo òun, ó tẹrí ba, ó ní, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá,' ó sì sá lọ. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni à bá pe ọmọ yìí. Àlejò ni àbí ará ilé?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ̀ bí wọ́n ti ṣe dé. Àwa ń pè wọ́n ní Haúsá, tàbí Àwúsá, tàbí Gàǹbàrí, àwọn sì ń pè wá ní Yarabawa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a ń pè ní Haúsá ní Èkó ni ó jẹ́ Haúsá ní ti ìran. Nínú wọn ni Fúlàní wà, àti Kànúrí, àti Tápà, àti àwọn tí ó ti ilẹ̀ Niger wá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn bá jìnnà sílé, èdè tí ó kó wọn pọ̀ níbi ọjà àti níbi ìrun ni ó ń di orúkọ wọn. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Láti ẹnu àwọn ará òkè Ọya ni orúkọ 'Yorùbá' fúnra rẹ̀ ti wá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fi pè tẹ́lẹ̀, kí ó tó di pé àwọn míṣọ́nnárì fi pe Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pọ̀. Orúkọ tí a ń yangàn fún lónìí, àlejò ni ó sọ wá.

Kì í ṣe àná ni àwọn Haúsá dé Èkó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ọ̀pọ̀ ẹrú tí ó jẹ́ Haúsá, tí wọ́n wà lọ́wọ́ àwọn olówó wọn ní òkè ilẹ̀, ni ó sá wá síbẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹni tí ó bá ti wọ Èkó ti bọ́. John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa nígbà náà, kó wọn jọ ní 1863, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Àwọn yìí ni ó kó lọ sí ogun Ashanti ní 1873. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá rò pé títa àlùbọ́sà nìkan ni ó gbé Haúsá wá sí etí òkun tún èrò rẹ̀ pa. Àwọn kan nínú wọn ti wà ní Èkó kí bàbá ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọ Èkó lónìí tó kúrò lóko.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ojú irin dé. Irin náà dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí yóò fi di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sọ̀ ní Kano. Obì ń gòkè, màlúù àti àlùbọ́sà ń sọ̀ kalẹ̀. Ní Agége, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin gbàǹja, àwọn oníṣòwò obì láti òkè Ọya tẹ̀dó láti máa rà á. Ní Ìbàdàn, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn ní 1916, èyí tí ó di Sabo. Ní Yaba pẹ̀lú, Sabo ni a ń pe àdúgbò kan títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ kò mọ̀ pé 'Sabon Gari' ni ó gé kúrú, èyí tí í ṣe 'ìlú titun'. Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí ojú irin, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí ọ̀nà Agége. Ibi tí ọ̀nà bá gbà ni àlejò ń sọ̀ sí. Àwọn ọmọ wọn di ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, a pè wọ́n ní mẹ́gàdì. Wọ́n di ẹni tí ń ru omi kiri, a pè wọ́n ní mẹ́rùwà. Èdè wọn ni a fi ń pè wọ́n, láì mọ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ èdè, tí ó yẹ kí á dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àtìpó wọ̀nyí gbé wá ti wọ ilé wa ju bí àwọn fúnra wọn ti wọ̀ ọ́ lọ. Ìyá tí ó rán ọmọ lọ ra àlùbọ́sà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ Haúsá ni ó fi rán an níṣẹ́, nítorí pé albasa ni wọ́n ń pè é. Fìtílà, ràkúnmí, àǹfààní, wàhálà: láti òkè Ọya ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ bá wa, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ èdè Lárúbáwá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ti inú Bíbélì wa. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tí ó jáde lódindi ní 1884, wọn kò dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n mú àdúrà, ìwàásù, àlàáfíà, wòlíì àti àlùfáà, tí ó ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Bí a bá ní kí a dá gbogbo èyí padà fún ẹni tí ó ni ín, a kì yóò rí ọ̀rọ̀ fi ṣe ìsìn àárọ̀.

Bí àwọn èdè méjèèjì sì ti ṣe wọ inú ìwé, ibì kan náà ni. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà lójú òkun sílẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá sì wà níbẹ̀. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, James Frederick Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n jọ gun odò Ọya ní 1841, kọ́ èdè Haúsá lẹ́nu àwọn Haúsá tí ó bá ní Sàró. Ó tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1862, ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1876. Ẹnu àwọn tí a kó kúrò nílé, tí wọn kò sì mọ̀ bí wọn yóò tún fojú kan ilé mọ́, ni a ti gba èdè méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tí ó wà nílé kì í ronú nípa èdè rẹ̀, bí ẹja kì í ti í ronú nípa omi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn ará Wales, tí ilẹ̀ wọn so mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀ oòrùn, ní èdè tiwọn tí ó yàtọ̀ gidigidi sí Gẹ̀ẹ́sì. William Morgan túmọ̀ Bíbélì sí i ní 1588, ìwé yìí àti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi sì wà lára ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Síbẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a ti ń so pátákó kékeré mọ́ ọmọ tí a bá gbọ́ èdè Wales lẹ́nu rẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tí a ti nà rí ní kíláàsì nítorí pé ó sọ Yorùbá kò nílò àlàyé. Àwọn kan nínú wọn rò ó pé bí èdè àwọn yóò bá yè, àfi kí àwọn gbé e lọ sí ibi tí kò sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin oṣù May, 1865, nǹkan bí àádọ́jọ ènìyàn nínú wọn, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, wọ ọkọ̀ Mimosa ní Liverpool, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù July sí etí òkun Patagonia, ní ilẹ̀ Ajẹntínà.

Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bá. Àwọn Tehuelche, tí wọ́n bá lábà, ni ó kọ́ wọn ní ọdẹ ṣíṣe, tí wọ́n sì ń fi ẹran gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Wales gbẹ́ ọ̀nà omi láti odò Chubut sínú oko, tí àlìkámà fi ń so. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn wọn, wọ́n ń fi èdè wọn kọ́ ọmọ, wọ́n sì ń dá ìdíje orin àti ewì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ìjọba Ajẹntínà kò jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí, ó ní èdè Spéènì ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Odò kún ní 1899, ó gbé ilé àti oko lọ. Ní 1902 àwọn kan tún di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí Kánádà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù kò parun. Lónìí, ọmọ-ọmọ wọn ń sọ èdè Spéènì ní ọjà, àwọn ẹgbẹ̀rún mélòó kan sì tún ń sọ èdè Wales. Ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ tí ń fi èdè méjèèjì kọ́ ọmọ. Kò sì sí ẹni tí ń bi wọ́n pé níbo ni bàbá-bàbá wọn ti wá kí ó tó gbà pé ọmọ Ajẹntínà ni wọ́n, nítorí òfin ilẹ̀ náà ni pé ẹni tí a bá bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni.

Kí n má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ: àwọn Tehuelche kò jèrè nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí 1878 títí dé 1885 ni ogun ìjọba Ajẹntínà fi gba ilẹ̀ gúúsù náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Àlejò ń pọ̀ sí i, onílé ń dín kù. Àwa Yorùbá pẹ̀lú kò gbàgbé Àfọ̀njá Ìlọrin, tí ó pe Àlímì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́, tí àwọn tí ó gbà sílé sì pa á ní nǹkan bí 1824. Nígbà tí onílé bá ń wo àlejò láti ẹ̀bá ojú, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ ìwà búburú; nígbà mìíràn ìrántí ni. Ìwà búburú ni ká mú gbèsè Ìlọrin lọ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta màsà.

Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Àràbà nìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù January, 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí àwọn ọmọ ogun ní Ikẹja gbiná, ó bú gbàmù. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rì sínú omi ní Òkè-Afà níbi tí wọ́n ti ń sá lóru. Gbogbo Èkó ṣì wà nínú ọ̀fọ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ February, ìjà àdúgbò kan ṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà láàrin Yorùbá àti Haúsá. Ohun kékeré ni ó dá a sílẹ̀, irú èyí tí àgbà méjì lè fi ẹnu parí lórí ìjókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ìjà ẹ̀yà. Ó ràn dé àwọn àdúgbò mìíràn ní Mushin, ó sì gba ọjọ́ mélòó kan kí ọlọ́pàá àti ọmọ ogun tó paná rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún ni ó bá a lọ, nínú ìhà méjèèjì. Ilé jóná, ìsọ̀ jóná, àwọn tí ó ti jọ ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn sì di ẹni tí ń sá fún ara wọn. Ní oṣù July, 1999, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ṣàgámù, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá ní Kano, àwọn tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀.

Àwọn Yorùbá Kano yìí ni ó ń mú mi ronú. Nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti ń rí lára àwọn Haúsá Ìdí-Àràbà kò ní láti lọ jìnnà. Kí ó bi àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó gbé ní òkè Ọya. Sabon Gari ti Kano, àwọn ará gúúsù ni ó kún inú rẹ̀ láti ìgbà tí ojú irin ti dé, àwọn Yorùbá sì kọ́ ilé ìsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Tàbí kí ó bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà nípa Gáná. Wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bí ọmọ, wọ́n sìnkú síbẹ̀, àwọn ọmọ ń sọ Twi ju Yorùbá lọ. Ní November 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ tà ohun ìní wọn ní ìdá owó rẹ̀, àwọn mìíràn fi í sílẹ̀. Ọmọ tí kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí ni a sọ fún pé ilé ni ó ń lọ. Ní January 1983, ó kan àwọn ará Gáná láti jáde kúrò ní Nàìjíríà lọ́dọ̀ tiwa, pẹ̀lú ẹrù nínú àpò tí a fi orúkọ wọn pè títí di òní. A kò fi ohun tí ojú wa rí kọ́ ara wa lọ́gbọ́n.

Síbẹ̀ ìgbésí ayé kò dúró. Àwọn ará Èjìgbò tí ó wà ní Abidjan ń bí ọmọ tí ó gbọ́ Faransé àti Yorùbá bákan náà, wọ́n sì ń wá sílé ṣe ọdún. Àwọn Haúsá Ìdí-Àràbà pẹ̀lú padà sí ilé wọn lẹ́yìn 2002, wọ́n tún un kọ́. Ohun tí wọ́n fi di ti bàbá wọn mú kò pọ̀ púpọ̀ bí a bá kà á: èdè tí ìyá ń sọ nídìí ààrò, wàláà tí ọmọ ń gbé lọ sọ́dọ̀ máláàmù, ọbẹ̀ kúúkà, làálì ní ọwọ́ ìyàwó, Sàríkì tí ń parí ẹjọ́ láàrin wọn kí ó tó di ti ọlọ́pàá. Ohun gbogbo yòókù, láti orí bọ́ọ̀lù títí dé orí bí a ti ń ná ọjà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Mo sì ṣàkíyèsí pé ọṣẹ náà kì í wà bí ó ti wà mọ́: Yorùbá tí ó jókòó ti alásùyà ní alẹ́ ọjọ́ náà ń fi Haúsá ná an ní owó, àṣìsọ rẹ̀ sì ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín.

Níbi tí ènìyàn ti mọ ara wọn dé báyìí, ìwé ìjọba kò tíì dé ibẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ ti 1999, ní ìpín 15, ní kí ìjọba rí i dájú pé ọmọ Nàìjíríà gbogbo ní ẹ̀tọ́ gbígbé ní kíkún ní ibikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ní ìpín 318, níbi tí òfin kan náà ti ń túmọ̀ ohun tí í ṣe láti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, kò sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a bí ọ sí, tàbí ibi tí o ti ń san owó orí. Ó ní kí òbí rẹ kan tàbí òbí-òbí rẹ kan jẹ́ ti àwùjọ tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Nípa báyìí, ìdílé lè wà ní ojú kan náà fún ìran mẹ́rin kí ó má tíì dé ibẹ̀ lójú òfin.

Bí ó ti ń rí nìyí: ọmọ tí a bí ní Ìdí-Àràbà, tí a bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, yóò parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, yóò sì gba fọ́ọ̀mù láti wọ yunifásítì, bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tí ó ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti kékeré. Nínú fọ́ọ̀mù náà ni yóò bá àlàfo kan tí a ní kí ó kọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ sí. Yóò kọ Kano, tàbí Katsina, tàbí Sokoto. Àlàfo tí ó tẹ̀ lé e béèrè ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti dá kálàmù dúró, yóò gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá bàbá rẹ̀. Bí kò bá dá bàbá lójú, a ó pe ìyá àgbà láti inú ilé, ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ìlú náà lẹ́nu àwọn òbí tirẹ̀. Yóò dárúkọ rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì máa bi ara wọn léèrè bí a ti ń kọ ọ́.